Okùn Kànga tí A Gbé Lọ sí Etí Adágún

Lára ògiri pálọ̀ mi ní Kétu, okùn kan wà níbẹ̀ tí mo fi ìṣó mẹ́ta kọ́. Àlejò tó bá wọlé, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sára tẹlifísọ̀n mi, torí pé tẹlifísọ̀n náà tóbi, n ò ní í purọ́ fún yín, kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò wa. Lẹ́yìn náà ló máa rí okùn. Á bi mí pé kí ni okùn gbígbó báyìí ń ṣe láàárín nǹkan dáadáa. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní kó jókòó. N ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo dé ní lékọ́ọ̀lì tí èmi àti mẹ́tírì, olùkọ́ wa, fi jọ gbà pé ó tó. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo ti ń ta ohun èlò alùpùpù, àwọn tó ń fi alùpùpù gbérò lọ Okpomèta, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra ṣéènì, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá rí ibi tó wọ́ níbẹ̀, kó tọ́ ọ fúnra rẹ̀, kó máa kà á lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé èmi yìí, nígbà tí n ò tíì ga ju ẹnu ìkòkò lọ, èmi ni mo fi okùn yẹn kó gbogbo ilé wa wẹ̀ nínú adágún, tí ẹnì kankan ò sì rì.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí okùn yẹn ṣe, ẹ ní láti mọ bí omi ṣe rí nílé wa nígbà náà. Orí òkè la wà ní Kétu. Ilẹ̀ wa dára, àgbàdo ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi jìnnà sí wa nísàlẹ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Kànga kan ṣoṣo ló wà fún agbo ilé wa àti agbo ilé méjì mìíràn. Bí ènìyàn bá sọ òkúta sínú rẹ̀, á ti gbàgbé pé òun sọ nǹkan kó tó gbọ́ ọ tó ró. Ìró àkọ́kọ́ tó máa ń jí mi ni ti okùn tó ń ha igi ẹnu kànga, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ohùn ìyá mi tó ń ka ìfà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ogójì. Ogójì ìfà ni garawa kan. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣọ́ ìkòkò omi ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Igbá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ọ̀bẹ lá àmì sí nínú. Omi ẹni tó fẹ́ wẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá àmì yẹn, bó o sanra, bó o tín-ín-rín. Inú ọpọ́n la máa ń dúró sí wẹ̀ kí èyí tó ń kán lára wa má bàa ṣòfò. Omi inú ọpọ́n la fi ń fọ ẹsẹ̀ àwọn tó ti oko dé, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyókù sì ń lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ilé wa mọ òórùn ọṣẹ dúdú ju àwa ọmọ lọ. Tí ọmọdé bá da omi nù, Ìyá àgbà kì í nà án. Á kàn wò ó títí, á ní, ẹni tó da omi nù ló mọ ọ̀nà kànga. Ó tán nìyẹn, okùn á bọ́ sí i lọ́wọ́. Lónìí ẹ̀rọ omi wà nínú ọgbà mi, àwọn ọmọ mi á ṣí i sílẹ̀, wọ́n á máa wo fóònù. Tí mo bá gbọ́ bó ṣe ń dà, èjìká mi máa ń dùn mí.

Àbúrò bàbá mi kan wà tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, Bàbá Àjàṣẹ́ la sì ń pè é. Awakọ̀ ni. Ọkọ̀ bàṣé ló ń wà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí tí wọ́n ń fi aṣọ nínípọn bò. Nígbà ọyẹ ọdún tí mò ń sọ yìí, ó mú mi dání lọ kó èédú níbì kan tó jìnnà, kọjá Kpankou, níbi tí ilé ti tán tí oko náà tán. Nígbà tí à ń bọ̀, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní adágún kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, pé kí n wá wò ó, pé àwọn òyìnbó máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá pàgọ́ sí etí rẹ̀. Wọn kì í pẹja, wọn kì í fọṣọ, wọ́n kàn ń wò ó ni. Mo ní mò ń bọ̀. Oorun sì gbé mi lọ níbi tí mo jókòó sí. Nígbà tó pa dà dé, tí omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo rí i. Mo ní mo rí i.

Irọ́ yẹn ì bá kú sínú ọkọ̀ níbẹ̀, ká ní n kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí Bàbá Àjàṣẹ́ ti gbé èédú rẹ̀ lọ, bí a ti ń jẹ iyán lọ́wọ́, gbogbo ilé ní kí n ròyìn adágún. Èmi tí n ò rí omi tó jókòó lójú kan rí àfi ti inú kànga, kí ni n bá sọ? Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní kànga ni, ṣùgbọ́n kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ọjà Kétu. Mo ní òkúta yí i ká. Mo ní omi jìn nísàlẹ̀ débi pé okùn bíi tilé wa méjì la ní láti so pọ̀, àti pé èmi fúnra mi fa garawa kan níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bàbá mi mi orí. Òun ti gba orí afárá kọjá lórí odò nígbà tó ń lọ sí Àjàṣẹ́, ó mọ odò. Ṣùgbọ́n ó ní omi tó ń ṣàn lọ́tọ̀, omi tó jókòó lọ́tọ̀, àti pé nínú ọyẹ tó gbẹ gbogbo kòtò omi yìí, omi tó bá ṣì kù níbì kan ní láti ti sá wọlẹ̀. Mo rí i pé irọ́ mi ní ẹsẹ̀, mo bá jẹ́ kó máa rìn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ará agbo ilé kejì ti ń wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìdòwú nìkan ni kò gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, inú ilé wa ló ń gbé, ó fi ọdún kan jù mí, ó sì ń jẹ ìwé bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Ó lọ gbé ìwé lékọ́ọ̀lì rẹ̀ wá, ó ṣí àwòrán kan fún bàbá mi: omi tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ojú omi jókòó lórí rẹ̀. Ó ní ohun tó ń jẹ́ adágún nìyí, àti pé irọ́ gbuu ni mò ń pa. Mo ní ti ìlú òyìnbó nìyẹn, tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní adágún kì í lo okùn. Mo ní ṣé ó ti débẹ̀ rí ni? A fa ọ̀rọ̀ yìí títí, ó sú bàbá mi.

“Ó dáa,” bàbá mi wí. “Àbúrò mi ní òun máa gbé wa débẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Ẹni tó bá purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun nìkan ni yóò máa fa omi gbogbo ilé fún oṣù kan gbáko.”

Garawa mẹ́rìnlá lóòjọ́, ogójì ìfà níkọ̀ọ̀kan. N ò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n èjìká mi mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ní gbogbo ìgbà tí a fi ń jiyàn, kò dá sí i. Ó kàn wò mí. Ó tún wò mí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bu omi wá fún òun.

Bàbá Àjàṣẹ́ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò náà, ó ní ìgbafẹ́ là ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má mú iṣẹ́ dání. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbafẹ́ nílé wa. Ìyá mi bi í léèrè, ó sì pè é ní ọkọ mi, torí pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

“Ọkọ mi, tá a bá débẹ̀, kí la máa ṣe?”

“Ẹ máa jókòó.”

“Tá a bá jókòó tán ńkọ́?”

“Ẹ máa wo omi.”

“Lẹ́yìn ìyẹn?”

“Ẹ máa jẹun.”

Ìyá mi ronú sí i díẹ̀, ó sì lọ kó ẹ̀gúsí tí kò tíì bó sínú apẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ òun má bàa dilẹ̀. Bàbá mi mú ẹ̀rúkọ́ kan tó fẹ́ gbẹ́. Ìyá àgbà mú igbá rẹ̀ tó ní àmì. Wọ́n se ẹ̀wà àbọ́bọ̀, wọ́n di gaàrí àti ẹ̀kọ, wọ́n din adìẹ méjì, ata rẹ̀ ń fa gbogbo wa sín. Bàbá mi wá tú okùn kànga tiwa sílẹ̀, ó yá ti agbo ilé kejì, ó so méjèèjì pọ̀, ó sì fi wọ́n di àwọn ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bàbá Àjàṣẹ́ rí okùn, ó rò pé ẹrù lásán ni wọ́n fi dì, kò bèèrè. Èmi ń wo gbogbo rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbàdúrà kí ọkọ̀ kọ̀, kó má ṣiṣẹ́. Ó kọ̀ lóòótọ́, inú mi dùn. Bàbá Àjàṣẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó ta á nípàá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbà.

Iwájú ni wọ́n fi mí sí, láàárín bàbá mi àti Bàbá Àjàṣẹ́, nítorí pé èmi ni mo mọ ibẹ̀. Ìdòwú wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, àwọn àbúrò mi méjì, àti adìẹ díndín. Ẹ̀rù ń bà mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi síwájú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ̀gbádùn ara rẹ̀ ná. Gbogbo abúlé tá a bá kọjá ni mo ń juwọ́ sí. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà méjèèjì gbọ́ ara wọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tá a kọjá Kpankou, ilẹ̀ yí pa dà. Koríko ti jó, ilẹ̀ pupa là gààràgà, igi dúró láìléwé, ọyẹ bo ojú oòrùn bí eérú. Aṣálẹ̀ pọ́ńbélé. Lẹ́yìn ọkọ̀, mo gbọ́ ohùn ìyá mi tó ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì lọ, tó ń bi Ìyá àgbà pé ṣé omi lè wà níbi tí aláǹgbá pàápàá ń wá ibòji yìí. N ò gbọ́ èsì rẹ̀. Nígbà tó yá, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú ọkọ̀. Bàbá Àjàṣẹ́ dúró, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹ́ńjìnnì tutù ná, kí àwa máa sọ̀kalẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni, Àlàó mọ̀nà.

Àlàó ni èmi. Mo ṣáájú. Ipa ẹsẹ̀ màlúù wà nílẹ̀, mo tẹ̀ lé e bí ẹni tó ti ń rìn ín láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá mi gbé okùn kọ́ èjìká lẹ́yìn mi, ó wúwo débi pé ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìdòwú gbé garawa, kò sì yé fi ọwọ́ lù ú. A gba àárín àwọn igi kan kọjá, gbogbo wa sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi ni. Omi nìkan. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, ó sùn sílẹ̀ gbalaja nínú ilẹ̀ jíjó yẹn, ó ga débi tó ń lá ìdí koríko. Kò sí òkúta, kò sí ẹnu, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn ẹyẹ funfun dúró nínú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Màlúù kan wà ní apá kejì tó kàn tẹrí ba tó ń mu, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti rí Kútọnu lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti rí òkun, mo ti fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ Èkó, kò sí èyí tó ṣe mí bí ti ọjọ́ yẹn. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, “Ta ló ni ín?” Ìdòwú gbé garawa sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó rìn dé etí omi, kò tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan bu omi. Ó yíjú sí mi.

“Oókan,” ó wí.

Bàbá mi sọ okùn sílẹ̀. Eruku sọ. Ó bi mí pé níbo ni ibi tó jìn wà. Èmi tẹ́ ẹ rí yìí, èmi tí mo máa ń tajà fún ẹni tí kò fẹ́ rà, mo ń fi ojú wá òkúta tí mo ròyìn kiri. Èjìká mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà ti dé, torí pé òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì bèèrè ohun tí a dúró ń wò bí ẹni tó rí òkú ejò.

“Ìyá, ọmọ yìí ní omi náà jìn,” bàbá mi wí.

“Kò jìn ni?” Ìyá àgbà na ọ̀pá sí àárín adágún. “Ìwọ rìn dé ọ̀hún yẹn lọ wò ó, kó o wá sọ fún mi.”

Bàbá mi wo àárín adágún. Kò lọ.

“Ìdòwú ní omi tẹ́, omi tẹ́. Àlàó ní ká mú okùn. Ta ló mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú yín? Kò sí. Ẹ fi okùn so àwọn ọmọ mọ́ igi, kí wọ́n lọ wẹ̀. Òógùn yín ti ń rùn láti Kpankou.”

Bí wọ́n ṣe so wá nìyẹn. Igi ńlá kan wà létí omi, bàbá mi ta kókó okùn mọ́ ọn, ó fi ìyókù gba ìbàdí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi, Ìdòwú, àwọn àbúrò mi méjì. A wọlé. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wa, a sì dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kù. Àbúrò mi obìnrin bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi pa ara, ó sì rọra da èyí tó ṣẹ́ kù pa dà sínú adágún kó má bàa ṣòfò. Ìyá mi ń pariwo láti òkè pé kí a má dà á nù. Ìdòwú wá yọ̀, ó ṣubú, omi fò sókè, ó balẹ̀ sí gbogbo wa lórí. A wo ojú Ìyá àgbà. Kò sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Kò sọ̀rọ̀. Ha, orí wa yí! A da omi nù lọ́jọ́ yẹn ju èyí tí agbo ilé wa ti da nù láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ. A fi gbára wa lójú, a gbé e mì, a tu ú sílẹ̀, a dà á sí etí ara wa. Ìdòwú gbàgbé pé ọ̀tá mi ni òun. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ wá láti lé wa jáde, kò sì jáde mọ́.

Bàbá mi fara dà á títí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀wù, ó so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì rọra wọ inú omi bí ẹni tó ń wọ ilé àna. Bàbá mi tí gbogbo agbo ilé wa ń bẹ̀rù ni wọ́n so mọ́ igi yẹn bí àgbò ọdún, tó ń fọ́n omi láti ẹnu. Fúlàní kan tó ń da màlúù kọjá dúró, ó fi èdè Nàgó wa tó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ bi wá pé kí la ṣe tí wọ́n fi dè wá.

“A ń gbafẹ́ ni,” bàbá mi wí.

Ìgbà tí Bàbá Àjàṣẹ́ wá bu omi fún ọkọ̀ rẹ̀ ló rí gbogbo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí okùn kan. Ó fi ọwọ́ di inú mú, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí tí garawa fi yí lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n fi aṣọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pa àtíbàbà fún wa, a jẹ àbọ́bọ̀ àti gaàrí, a jẹ adìẹ dé eegun. Bàbá Àjàṣẹ́ mú wa yí etí adágún ká, ó ń fi ẹyẹ hàn wá, ó ń fi ipa ẹsẹ̀ ẹran hàn wá, ó ní báyìí ni àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a fi máa pa dà síbi àtíbàbà, oorun ti gbé ìyá mi lọ, ẹ̀gúsí wà nínú apẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀rúkọ́ bàbá mi, àbúrò mi ń fi rú omi. Gbogbo wọn sùn lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò rí rí. Èmi nìkan àti Ìyá àgbà la jókòó.

“Àlàó.”

“Ìyá àgbà.”

“Mo ta ata létí odò Wẹ̀mẹ̀ kí n tó bí bàbá rẹ. Mo mọ bí omi ṣe máa ń rí.”

Mo wo ilẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti dárúkọ okùn ni òun ti mọ̀ pé n ò dé ibì kankan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Tí mo bá sọ, bàbá rẹ á wá?” Ó ń wo omi. “Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Irọ́ rẹ ló jẹ́ kó dìde.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Oṣù kan. Ìkòkò tèmi nìkan. Kó o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Ó yá, so mí.”

Mo so okùn mọ́ ìbàdí Ìyá àgbà, mo dì í mú lọ́wọ́, a jọ wọlé. Ó jókòó síbi tí omi dé àyà rẹ̀, ó di ojú. Ó mú igbá rẹ̀, ó bu omi kọjá àmì, ó dà á sórí. Ó tún bu òmíràn. N ò lè sọ iye ìgbà tó dà á fún yín. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ń rìn ní ìgbáàyà.

A pa dà sílé kí oòrùn tó wọ̀, bàbá mi sì sọ fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ òun ní làákàyè, pé ta ló máa ronú kan okùn? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mi tó jí, ìró okùn tó ń ha igi ẹnu kànga, èmi ni. Mo fa omi kún ìkòkò Ìyá àgbà fún oṣù kan. Àwọn ará ilé ń yìn mí, wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó fẹ́ràn ìyá bàbá rẹ̀, mo sì ń gbà á. Nígbà tí oṣù pé, mo lọ sọ fún un. Ó bi mí pé ta ló ní kí n dúró. N ò dúró. Títí tó fi fi wá sílẹ̀, tí irùngbọ̀n ti ń hù lójú mi, èmi ni mo ń fa omi Ìyá àgbà. Ibẹ̀ ni èjìká yìí ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ kan gbé ẹ́ńjìnnì alùpùpù, ẹ ti gbọ́.

Ìdòwú ti di mẹ́tírì àgbà ní Kútọnu báyìí. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó dúró níwájú okùn náà ní pálọ̀ mi, ó fi han àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní bàbá yín yìí kò kàwé o, ṣùgbọ́n òun ló rántí okùn lọ́jọ́ tí gbogbo wa ì bá rì. Mo mi orí. Mo ní kí wọ́n gbé ọtí wá. Èmi tí mo máa ń sọ gbogbo nǹkan, pé n ò rí adágún yẹn rí ṣáájú ọjọ́ náà, ìyẹn nìkan ni n ò tíì sọ rí. Ó máa ka èyí, mo mọ̀, nítorí kò sí ìwé tó ń kọjá rẹ̀. Kò burú. Kànga àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, okùn rèé lára ògiri, èjìká mi ṣì le. Tó bá dé, oṣù kan náà ni màá fa omi. Kó sáà jókòó sórí àga lẹ́nu kànga, kó máa bá mi ka ìfà, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: oókan.